Owó ófátáìmù àbí ọjọ́ ìsinmi mìíràn: èwo ni kí ẹni tó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ọdún gbà?

Láàárọ̀ ọjọ́ Iléyá, tí èéfín ẹran ti gba gbogbo àdúgbò, nọ́ọ̀sì wà lẹ́nu iṣẹ́, ṣẹkúrítì wà lẹ́nu géètì. Kí ni wọ́n máa rí gbà?

Ní Nàìjíríà, ìpín 13 Òfin Iṣẹ́ sọ pé wákàtí tó bá lé sí iye tí a jọ fẹnu kò sí, ófátáìmù ni. Kò sọ iye owó rẹ̀. Bí wọ́n bá gba ọjọ́ ìsinmi ọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, kí wọ́n fún un ní òmíràn láàárín ọjọ́ 14, tàbí kí wọ́n san owó ófátáìmù. Ti ọlidé ìjọba, inú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ tàbí àdéhùn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni kí o wò.

Owó ni èmi fara mọ́. Ẹni tó ń gba 88,000 náírà fún ọjọ́ iṣẹ́ 22, 4,000 ni ọjọ́ kan rẹ̀. Bí àdéhùn bá sọ pé ìlọ́po méjì ni, 8,000 nìyẹn, yóò sì hàn kedere nínú ìwé owó oṣù.

Ọjọ́ ìsinmi dára fún ìyá ọlọ́mọ kékeré, mi ò jiyàn. Àmọ́ Kérésì méjì ni mo lò lẹ́nu iṣẹ́ níbi tí mo wà tẹ́lẹ̀. “A máa fún ẹ lóṣù tó ń bọ̀,” ni wọ́n ń wí títí mo fi kúrò. Tí o bá yan ìsinmi, gba déètì rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀ kí o tó wọṣẹ́ lọ́jọ́ ọdún náà.