Ilé Ìwé International fún Ọmọ Tó Ń Bá Òbí Lọ sí Òkè Òkun: Ibi Tó Dáa Sí, Ibi Tó Kù Sí

Máàkì 3 nínú 5 ni mo fún un. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kì í sábà burú. Ohun tó ń kó òbí sí wàhálà ni pé fọ́tò adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó sanwó, wọn kì í bèèrè ìdánwò tí ọmọ máa fi jáde. Bẹ́ẹ̀ ìdánwò yẹn ló ń sọ ibi tí ọmọ lè gbà lọ bí iṣẹ́ bá tún gbé òbí lọ síbòmíràn.

Ní ti ètò ẹ̀kọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, IGCSE, ẹ̀kọ́ àti ìdánwò ilé ìwé girama, máa ń gba ọdún 2, láti nǹkan bí ọmọ ọdún 14 sí 16, A Level, tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì, á sì gba ọdún 2 mìíràn. IB (International Baccalaureate), ètò ẹ̀kọ́ àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀ ní Geneva lọ́dún 1968, ń mú ọmọ láti ọdún 3 títí dé 19. Diploma tó wà níparí rẹ̀ ló le jù: iṣẹ́ ẹ̀kọ́ 6, máàkì 7 fún ìkọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àròkọ oníwàádìí tí kò gbọ́dọ̀ ju 4,000 ọ̀rọ̀ lọ. Ọmọ tó ṣì ń wá ọ̀rọ̀ ní èdè tí wọ́n fi ń kọ́ni, ẹ má sáré tì í síbẹ̀.

Wọ́n á ní bí ọmọ bá kúrò ní ilé ìwé IB kan bọ́ sí òmíràn, ibi tó dúró sí náà ló ti máa tẹ̀ síwájú. Ó kù díẹ̀ káàtó. Ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìlànà ni IB ń fún wọn, kì í ṣe sílébọ́ọ̀sì. Ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ló ń yan ohun tó máa kọ́ àti ìgbà tó máa kọ́ ọ. Ìṣirò ló ti máa ń kọ́kọ́ hàn: kíláàsì kan ti ń pín ìdá, èkejì ò tíì kúrò nídìí ìsọdipúpọ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ìṣirò ọmọ kíláàsì yẹn hàn yín, ẹ ṣí i sí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, kí ẹ fi ti ọmọ yín tì í.

Nọ́ńbà kíláàsì náà ń tan èèyàn. Year 6 lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni Grade 5 lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà. Ní Ọsirélíà, ọdún ẹ̀kọ́ ń parí ní Oṣù Kejìlá, nítorí náà ọmọ tó bá dé láti Yúróòpù ní Oṣù Keje, àárín ọdún ló bọ́ sí. Èyí tó burú jù ni kí a ṣí ọmọ nípò láàárín ọdún 2 IGCSE tàbí Diploma. Ó lè má bá iṣẹ́ ẹ̀kọ́ tó ń ṣe níbi tuntun, ìwé lítíréṣọ̀ wọn lè yàtọ̀, iṣẹ́ tó ti ṣe fún máàkì sì lè di òfo.

Bí ilé ìwé bá ní "candidate" ni àwọn lọ́dọ̀ IB, àṣẹ ò tíì dé ọwọ́ wọn nìyẹn. Orí ìkànnì IB fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti wo orúkọ wọn.

Owó wá ńkọ́? Iye tí wọ́n kọ síta kọ́ ni gbogbo ẹ̀. Owó fọ́ọ̀mù wà tí wọn kì í dá padà, owó ilé kíkọ́ wà, owó bọ́ọ̀sì, owó ìdánwò, àti ti olùkọ́ tó ń ran ọmọ lọ́wọ́ lórí èdè, tí ọ̀pọ̀ ń gbà lọ́tọ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan fún ọdún 2. Ẹ ka ibi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kíkúrò sí dáadáa: ọ̀pọ̀ ló ń fẹ́ kí òbí fi lẹ́tà sọ fún wọn ní odidi táámù kan ṣáájú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ máa san owó táámù tí ọmọ ò ní jókòó nínú rẹ̀. Bí ibi iṣẹ́ bá ní àwọn á sanwó, ẹ bèèrè èwo gan-an. Owó ẹ̀kọ́ nìkan ni àwọn mìíràn ń san.

Ẹ gba èsì ìdánwò ọdún 2 sẹ́yìn, lẹ́tà ilé ìwé àtijọ́ àti káàdì àjẹsára kí ẹ tó gbéra. Bí ẹ bá ti lọ tán, gbígba òǹtẹ̀ sórí àwọn ìwé wọ̀nyí láti òkèèrè ń pẹ́.

Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10, tí òbí rẹ̀ sì fẹ́ fìdí kalẹ̀ pẹ́ níbẹ̀, ilé ìwé ìjọba ni èmi máa kọ́kọ́ wò. Àdírẹ́sì ilé ni wọ́n fi ń gba ọmọ ní ọ̀pọ̀ ibi, torí náà ẹ wá ilé ìwé kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ilé gbígbà.