Sienna, HiAce tàbí Transporter: èwo ni kí ará Abẹ́òkúta rà bó bá fẹ́ máa sùn sétí ọ̀sà?

Tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé òun fẹ́ ra ọkọ̀ tí òun àti ìyàwó òun lè máa sùn sí l'Àgbádárìgì lópin ọ̀sẹ̀, ohun méjì ni mo máa ń bi í kó tó lọ dúnàá-dúrà. Ẹ̀yin mélòó lẹ máa sùn? Ṣé ẹ máa kọjá bodè? Ìdáhùn yẹn ló ń yan ọkọ̀. Àwọn mẹ́ta tí mo fẹ́ fi wéra yìí, tọ́kúnbọ̀ ni wọ́n sábà máa ń jẹ́.

Toyota Sienna tí wọ́n ṣe láàárín 2004 sí 2010 ni mo kọ́kọ́ máa ń dárúkọ. Ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ń ká wọnú ilẹ̀ ọkọ̀. Tí ẹ bá yọ ti àárín, odidi pákó pẹlẹbẹ kan, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ní ìbú, mẹ́jọ ní gígùn, á tẹ́ síbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ gé e. Ẹ gbé fọ́ọ̀mù lé e, ẹ ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, ẹni méjì á sùn gbalaja. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ dá ìjókòó padà, ẹ fi gbé ọmọ lọ síléèwé. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó súnmọ́ ilẹ̀ jù, kò sì sí bí ẹ ṣe máa nàró nínú rẹ̀. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tó ń fi iná ṣí ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá kí ẹ tó sanwó, torí wáyà tó ń fà á máa ń já.

HiAce, èyí tí àwọn awakọ̀ ń pè ní Hummer bus, yàtọ̀ pátápátá. Ààyè wà fún ibùsùn, sítóòfù àti ọmọ méjì. Èyí tí òrùlé rẹ̀ ga ni kí ẹ wá. Fèrèsé ọ̀tún àti tòsì ń jẹ́ kí atẹ́gùn gba inú ọkọ̀ kọjá, mo sì ka èyí sí ju gbogbo ọ̀ṣọ́ lọ, nítorí ooru òru etí ọ̀sà kì í ṣe kékeré. Àmọ́ abẹ́ ìjókòó iwájú ni ẹ́ńjìnnì wà. Tí ẹ bá wa ọkọ̀ láti Kútọ̀ gba Ṣàngó títí dé etíkun, iwájú yẹn á ṣì máa gbóná lẹ́yìn tí ẹ bá ti páa. Orí ibùsùn yín gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn.

Táyà ẹ̀yìn ló sì ń ti HiAce. Mo ti rì sínú iyanrìn l'Àgbádárìgì rí, ọkọ̀ ṣófo, ẹ̀yìn fúyẹ́, táyà kàn ń gbẹ́lẹ̀ ni. Àwọn apẹja ló bá mi tì í, lẹ́yìn tí ọ̀kan nínú wọn sọ pé kí n tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀ tó ìlàjì. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà kì í kúrò nínú ọkọ̀ mi.

Volkswagen Transporter tí wọ́n ń pè ní T4, láti 1990 sí 2003, iwájú ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, táyà iwájú ló sì ń fà á. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó ń lo dísù lágbára. Ṣùgbọ́n ó ti gbó, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nílùú Òyìnbó nígbà yìnyín sì ti jẹ abẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí ẹ ò bá ní mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n, ẹ fi í sílẹ̀.

Ọkọ̀ ojú omi ńkọ́? Kàyáàkì, ọkọ̀ ojú omi kékeré tí à ń fi àjẹ̀ wà, èyí tí à ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nínú rẹ̀ bá Sienna mu, torí ó ń ká sínú àpò. Ọ̀sà Àgbádárìgì tó lọ títí dé Àjàṣẹ́ ló yẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹnu odò Mono ní Grand-Popo. Ẹ má gbé e wọ Odò Ògùn ní Lafẹ́nwá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àpáta á fà á ya. Kàyáàkì oníke ló lè fara da àpáta, orí HiAce ló sì ti rọrùn láti dì í mọ́. Lásìkò òjò, nígbà tí omi bá ń ti Ìdídò (dáàmù) Ọ̀yán wá, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ odò yẹn rárá. Òkun gan-an, mi ò gba olùbẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn rẹ̀: ìgbì rẹ̀ ń lágbára sí i láti May títí dé September, omi sì lè fa èèyàn lọ sí agbami. Tó bá fà yín, ẹ má bá a jà, ẹ lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ títí ẹ ó fi bọ́. Owó ẹ̀wù ìléfòó (life jacket) gidi ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀.

Ẹni tó fẹ́ dé Kùtọnu, Lomé tàbí Ada ní Gánà, níbi tí odò Volta ti bọ́ sínú òkun, HiAce ni kó rà. Kó gba Brown Card ti ECOWAS, ìyẹn ìwé ìbánigbófò (insurance) fún ìrìn àjò kọjá bodè, fún ọkọ̀ náà. Ẹni tí kò ní kọjá Lẹ́kí, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì, Sienna tó o, kó fi owó tó kù ra kàyáàkì.

Ẹ yẹ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti ti ara ọkọ̀ wò lórí ìwé. Ẹ wá àmì bóyá wọ́n ti yí sítíárìnì rẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì, ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè bóyá omi ti mù ún rí. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí fèrèsé, ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ dùbúlẹ̀ gbalaja sínú rẹ̀ ní ọ̀sán gangan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.