Kwik Stop fún èékánná ajá: ibi tó ti wúlò àti ibi tí kò tó

Kwik Stop ni páúdà tí ń dá ẹ̀jẹ̀ èékánná dúró; ike rẹ̀ kékeré, oní gíráàmù 14, ni a yẹ̀ wò. Páúdà inú rẹ̀ pọ́n bíi gàrí elépo tí a kù. Ferric subsulfate, èròjà kan tó ní irin nínú, ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: bó bá ti kan ẹ̀jẹ̀, á mú un dì, á sì dí ẹnu iṣan tó ṣí sílẹ̀. Benzocaine wà nínú rẹ̀ láti mú ibẹ̀ kú kó má baà dun ajá jù, torí páúdà yìí ń ta bí ata.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo la fọwọ́ sí fún un: ìgbà tí ẹni tó ń gé èékánná bá gé e kan ẹran inú rẹ̀. Bí èékánná bá funfun, ẹran náà á hàn rẹ́súrẹ́sú nínú rẹ̀. Tó bá dúdú, kò hàn, ẹ máa gé e díẹ̀díẹ̀, kí ẹ dúró bí ẹ bá ti rí àmì roboto láàrin ojú ibi tí ẹ gé. Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, ẹ fi gọ́ọ̀sì nù ún, ẹ bu páúdà sí orí ìka, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ èékánná fún ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 10. Ẹni tó bá kàn ń wọ́n ọn sórí ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn ló máa ń ní kò ṣiṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ti gbé e lọ. Páúdà náà máa ń kun aṣọ, kì í sì í tètè ṣí.

Ti ajá ọdẹ, tàbí ajá tó ń sáré lórí àpáta ní Ìkẹ́rẹ́, yàtọ̀. Èékánná tó ya láti gbòǹgbò ni tiwọn, pàápàá ti òkè ọwọ́ tí kì í kan ilẹ̀: ilẹ̀ kì í jẹ ẹ́, á gùn, á há mọ́ ìtàkùn. Ẹ má da páúdà síbẹ̀, egbò tó jìn kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi báńdéèjì di ẹnu ajá, torí ajá tí ara ń ro lè bu olówó rẹ̀ jẹ (àmọ́ ẹ má di èyí tó ń mí hẹlẹhẹlẹ). Ẹ fi gọ́ọ̀sì tẹ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 sí 10 láì ṣí i wò. Ẹ se piọ wọ́tà kan, ẹ fi iyọ̀ ṣíbí tíì kan tí kò kún jù sí i, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fi fọ̀ ọ́. Kò gbọdọ̀ jẹ́ Dettol tàbí sípírítì, wọ́n ń jó ẹran ara. Ẹ gbẹ àárín ìka, ẹ fi gọ́ọ̀sì bò ó, kì í ṣe òwú, torí òwú ń lẹ̀ mọ́ egbò. Báńdéèjì gbọ́dọ̀ gòkè kọjá ọrùn ọwọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á yọ́ kúrò. Ìka méjì gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ rẹ̀. Ojoojúmọ́ la ń pààrọ̀ rẹ̀. Náílọ́ọ̀nù tí a fi ń bo báńdéèjì wà fún ìgbà tí ajá bá jáde síta nìkan, tó bá pẹ́ lẹ́sẹ̀, ooru á mú ibẹ̀ rà.

Ẹ má fa èékánná tó ń rọ̀ dirodiro yọ. Dókítà ẹran ló máa kun ajá lóorun kó tó yọ ọ́, lọ́jọ́ náà gan-an. Bákan náà ni bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, tàbí tí ìka wú, tó ń rùn. Paracetamol àti ibuprofen kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu rẹ̀, wọ́n lè pa á.

Ṣé ó wá yẹ kéèyàn ra Kwik Stop? Ẹni tó ní ajá kan ṣoṣo, álọ́ọ̀mù tí a fi ń fọ ìgbín, tí a lọ̀ kúnná, tó o. Kọ́nfláwà náà ń gbìyànjú, bó tilẹ̀ lọ́ra. Ẹni tó ń gé èékánná ajá márùn-ún lóṣù, Kwik Stop yára ju méjèèjì lọ. Kó ṣáà dé ike náà pa nígbà òjò: bí ọ̀rinrin bá wọ̀ ọ́, á di òkúta.