FARO 44 àti FARO 55: èwo ló ń ṣara lóore jù?

Ẹ̀yin tó fẹ́ ra irúgbìn ìrẹsì fún òjò tó ń bọ̀ ní agbègbè Àbújá, n ò ní bá yín sọ ti gígùn hóró, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Irú ìrẹsì méjì ni FARO 44 àti FARO 55, mo ti gbin méjèèjì ní Gwagwalada.

FARO 44 fẹ́ omi, fàdámà, ilẹ̀ àbàtà tó ń gba omi dúró, ni ilé rẹ̀. Ó ń so ju ìkejì rẹ̀ lọ. FARO 55, tí wọ́n tún ń pè ní NERICA 1, ọmọ ìrẹsì Áfíríkà àti ti Éṣíà ni. Ilẹ̀ òkè ló fẹ́, ó tètè ń gbó, ó sì ń ta sánsán nínú ìkòkò. Koríko oko rẹ̀ pọ̀, ẹ múra sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ ló jẹ mí lówó. Lọ́dún tí mo gbin FARO 44, ẹni tó ta ajílẹ̀ yùríà fún mi ní kí n da gbogbo rẹ̀ sóko lẹ́ẹ̀kan náà, kété tí ọmọ ìrẹsì bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Mo dà á. Ewé dúdú minimini, inú mi dùn. Àfi bí òjò ńlá ṣe rọ̀, tí àgbàrá gbé yùríà náà lọ. Ìgbà tí ìrẹsì máa fi lóyún, ìyẹn kó tó yọ orí, ewé ti ń pọ́n, owó yùríà mìíràn ò sì sí. Nílé ẹ̀rọ, hóró ń fọ́ wẹ́wẹ́ lójú mi. Àwọn oníbàárà mi ní Kubwa ní owó oúnjẹ adìẹ làwọn máa san.

Èròjà kan tó ń jẹ́ nitrogen ni ìrẹsì fi ń ṣe purotéènì. 46 nínú 100 yùríà ló sì jẹ́ nitrogen. Èyí tí ẹ bá fún un nígbà tó ṣì kéré, ewé ló ń jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Èyí tó bá rí nígbà tó lóyún ló ń ràn án lọ́wọ́ láti kó purotéènì sínú hóró, hóró bẹ́ẹ̀ sì máa ń le níwájú ẹ̀rọ. Ẹ fi ajílẹ̀ NPK bẹ̀rẹ̀, kí ẹ pín yùríà sí méjì, kí ẹ sì fi apá kan dúró de oyún náà. Bí mo ṣe ṣe FARO 55 mi nìyẹn, hóró rẹ̀ sì jáde gbọọrọ.

Ti zinc, èròjà tí ìrẹsì àti ara wa nílò díẹ̀díẹ̀: yùríà ò ní in rárá, ilẹ̀ tí omi bò sì máa ń há a mọ́wọ́, FARO 44 ló ń jìyà rẹ̀. Ẹ fọ́n ọn sí ewé.

Ti bíbó: ẹ bọ ìrẹsì kí ẹ tó bó o, kí fítámì B má baà bá èérí lọ.

Ẹni tó ní fàdámà, tó sì fẹ́ kí àpò pọ̀, FARO 44 dára fún un. Ìkòkò ilé tèmi, FARO 55 ló wà níbẹ̀ láti ọdún mẹ́ta.