Windows 11 àbí Linux Mint: èwo ni ká gbé sórí láptọ́ọ̀pù àtijọ́?

Látìgbà tí Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní October 14, 2025, ìbéèrè yìí ló wà lẹ́nu gbogbo èèyàn. Windows 11 fẹ́ TPM 2.0 (ṣíìpù ààbò inú kọ̀ǹpútà), ó fẹ́ RAM 4GB ó kéré tán, ọ̀pọ̀ ṣíìpù Intel (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) tó jáde ṣáájú 8th gen (ìran kẹjọ) ni ò sì sí lórí lísìtì àwọn tí Microsoft fọwọ́ sí rárá, bó ti wù kí láptọ́ọ̀pù yẹn ṣì lágbára tó, ìyẹn sì ń dùn mí gan-an o.

Linux Mint ní tiẹ̀, operating system bíi Windows lòun náà, ọ̀fẹ́ ni, RAM 2GB á gbé e (4GB ló dáa jù), ibi tí mo wá fẹ́ràn jù ni pé ẹ lè gbé e sórí flash kẹ́ẹ tan láptọ́ọ̀pù yín látibẹ̀, kẹ́ẹ wo Wi-Fi, kẹ́ẹ wo sáúńdì, kẹ́ẹ tẹ nǹkan jáde wò, láì tíì fọwọ́ kan nǹkankan nínú hard disk. Bí ò bá wù yín, ẹ yọ flash, ó parí. Microsoft ò ṣe irú ẹ̀ fún Windows 11.

Àmọ́ tó bá jẹ́ CorelDRAW (ètò tí wọ́n fi ń ṣe dìsáìnì) lẹ fi ń jẹun, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró sí Windows, torí LibreOffice (ètò bíi Microsoft Office) á ṣí fáìlì Word fún yín lórí Mint, ṣùgbọ́n Corel ò ṣe ti Linux mọ́. Ti kíbọọ̀dù Yorùbá, méjèèjì ló ní in.