Sentinel-1 tàbí Sentinel-2: èwo la fi ń wo ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù ní Iléṣà?

Owó kọ́ ni ìṣòro, ọ̀fẹ́ ni àwòrán sátẹ́láìtì Yúróòpù méjèèjì yìí lórí Copernicus Browser, ìkànnì tí a ti ń wò wọ́n.

Sentinel-2 ń ya àwòrán aláwọ̀: ilẹ̀ pupa tí àwọn awakùsà gbẹ́ láàárín igbó máa ń hàn kedere, odò tó ti dà bíi tíì onímílíìkì náà kò ṣeé fi pamọ́. Ṣùgbọ́n mítà 10 ní ìbú àti òró ni ojú kékeré (píksẹ́lì) kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán rẹ̀. Odò kékeré tí igi ṣíji bò, ewé nìkan lẹ óò rí. Ìkùukùu gan-an ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ìdá ìkùukùu tí wọ́n kọ sí i tàn yín jẹ: gbogbo àwòrán náà, tó fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 110, ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀. Àwòrán tí wọ́n kọ 60% sí, Iléṣà lè mọ́ kedere nínú rẹ̀.

Rádà ni Sentinel-1. Ó ń ríran gba inú ìkùukùu kọjá, tọ̀sán-tòru. Omi tó pa rọ́rọ́ máa ń dúdú nínú àwòrán rẹ̀, àmọ́ kò mọ àwọ̀: omi ẹlẹ́rẹ̀ àti omi tó mọ́ gaara, ọ̀kan náà ni lójú rẹ̀. Àwòrán rẹ̀ tún máa ń ní tótòtó, bíi pé wọ́n wọ́n iyọ̀ sí i, nítorí náà ẹ fi méjì tó yà láti apá kan náà wéra.

Bó bá jẹ́ àwọ̀ odò lẹ ń tọpa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Sentinel-2. Bó bá jẹ́ igbó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán tàbí omíyalé láàárín òjò oṣù Keje, Sentinel-1.