NetworkX fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa fi Python wo bí nǹkan ṣe so mọ́ra

Ẹni tó bá ti mọ Python díẹ̀, tó wá fẹ́ mọ bí ọ̀nà, oníbàárà tàbí owó tó ń ti àkáǹtì kan bọ́ sí òmíràn ṣe so mọ́ra, NetworkX, àkójọ kóòdù Python fún irú iṣẹ́ yìí, ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ó ti wà láti 2005, bẹ́ ẹ bá sì ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà tán, kò bèèrè íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Òun fúnra rẹ̀ kò tó 3MB. Scipy (fún ìṣirò) àti pandas (fún kíka tábìlì), tí ẹ máa lò pẹ̀lú rẹ̀, ló ń jẹ dátà; matplotlib ló ń ya àwòrán. Ẹ gba gbogbo wọn wọlé lẹ́ẹ̀kan náà:

pip install networkx matplotlib scipy pandas

Ẹ má yọ scipy kúrò, torí bí node (ojúkò kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán) bá ti dé 500, spring_layout, tó ń to wọn sí àyè wọn, máa nílò rẹ̀. Ẹ má sì pe fáìlì yín ní networkx.py o. Fáìlì yín ni Python máa ṣí, á wá ní òun ò rí Graph nínú rẹ̀.

Ọ̀nà Àbújá tó fún ìdánwò. Ibùdókọ̀ ni node, ọ̀nà tó so méjì pọ̀ ni edge. Ẹ ṣe fáìlì ona.csv tó ní òpó (column) méjì, lati àti si, kẹ́ ẹ kọ ọ̀nà mẹ́sàn-án yìí sí i: Mararaba–Nyanya, Nyanya–AYA, AYA–Berger, Berger–Kubwa, Kubwa–Zuba, Zuba–Giri, Giri–Gwagwalada, Berger–Lugbe, Lugbe–Giri.

import pandas as pd, networkx as nx
df = pd.read_csv("ona.csv")
G = nx.from_pandas_edgelist(df, "lati", "si")
print(nx.degree_centrality(G))
print(nx.betweenness_centrality(G))

Degree, ìyẹn iye ọ̀nà tó kan node kan tí a fi iye node yòókù pín, jẹ́ ọgbọọgba fún Berger àti Giri, 0.375, torí ọ̀nà mẹ́ta ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Betweenness, tó ń wo bí ọ̀nà tó kúrú jù láàárín àwọn node yòókù ṣe ń gba node kan kọjá tó, kò gbà bẹ́ẹ̀: ó fún Berger ní 0.57, ó fún Giri ní 0.29. AYA tí ọ̀nà méjì péré kàn gba 0.43, ó ju Giri lọ, nítorí kò sí bí ará Mararaba tàbí Nyanya ṣe máa dé Kubwa tí kò ní gba ibẹ̀ nínú àwòrán yìí. Ibi tí mo ti fẹ́ràn irinṣẹ́ yìí gan-an nìyí: ìlà méjì péré, ẹ ti rí ohun tí ojú lásán kò lè kà.

Weight, ìyẹn nọ́ńbà tí ẹ bá so mọ́ edge, ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Betweenness ka weight sí jíjìn: bó bá ṣe tóbi tó ni ọ̀nà ṣe gùn tó. Spring_layout yí i padà: bó bá ṣe tóbi tó ló ṣe ń fa node méjì súnmọ́ra. Bẹ́ ẹ bá pe kìlómítà ní weight, ìlú tó jìnnà síra á wá sún mọ́ra nínú àwòrán. Ẹ pe òpó náà ní km, kẹ́ ẹ fi edge_attr="km" kó o wọlé, kẹ́ ẹ sì máa kọ weight="km" fún shortest_path, tó ń wá ọ̀nà tó kúrú jù, torí bẹ́ ò bá kọ ọ́, iye edge nìkan ló máa kà. Bó bá jẹ́ iye ọkọ̀ lẹ ní, ẹ fi iye náà pín 1 (1/iye) kẹ́ ẹ tó gbé e fún betweenness.

Orúkọ pẹ̀lú ń dá wàhálà sílẹ̀. "Kubwa" àti "Kubwa " tó ní àlàfo lẹ́yìn, node méjì ni. Ti Yorùbá tún le jù: "Ìlọrin" tí wọ́n tẹ̀ lórí fóònù àti èyí tí wọ́n tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà lè jọra lójú kí kóòdù wọn má jọra. Ẹ fi strip() àti unicodedata.normalize("NFC", oruko) fọ gbogbo wọn, kẹ́ ẹ wá wo nx.number_connected_components(G), ìyẹn iye apá tí kò so mọ́ ara wọn. Bó bá ju 1 lọ níbi tí ẹ ti mọ̀ pé gbogbo ọ̀nà dé ara wọn, orúkọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Fún àwòrán, ẹ fi seed=7 sí spring_layout, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwòrán á máa yí padà ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣí i. Nx.draw dára fún nǹkan kékeré. Bí node bá ti tó ọgọ́rùn-ún mélòó kan, ìlà á bo orúkọ mọ́lẹ̀. Ẹ fi nx.write_gexf(G, "ona.gexf") gbé e lọ sí Gephi, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń ya irú àwòrán yìí, kẹ́ ẹ lo ForceAtlas2, ìlànà tó ń to node, níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni Gephi náà.

Àléébù rẹ̀ tó ń dùn mí jù ni pé ó lọ́ra, torí Python ni wọ́n fi kọ ọ́. Lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún node, ẹ fi k=200 sí betweenness kó ṣírò láti ara node díẹ̀. Bó bá ti di mílíọ̀nù edge, ẹ kó lọ sí igraph, àkójọ kóòdù míì tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà; èdè C, tó yá ju Python lọ, ni wọ́n fi kọ tiẹ̀.